Fáìlì Kan, Orúkọ Mẹ́rin: Bí Fọ́ǹtì Ṣe Ń Ṣe Láti Ìpele dé Ìpele Nínú Áàpù Fóònù

Ẹ mú fáìlì fọ́ǹtì kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ ká sọ pé `NotoSans-SemiBold.ttf`. Ẹ gbé e sínú áàpù iOS, sínú ti Android, sínú ti React Native àti ti Flutter (irinṣẹ́ méjì tí a fi ń kọ áàpù kan fún iOS àti Android pa pọ̀), kí ẹ tún gbé e sínú WebView (ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù tó ń hàn nínú áàpù). Lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀ kò yí padà. Àmọ́ orúkọ tí ìpele kọ̀ọ̀kan (ìyẹn platform, bí iOS tàbí Flutter) fi mọ̀ ọ́n yàtọ̀, ibi tí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí yàtọ̀, ohun tó sì máa ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá ṣi orúkọ náà kọ tún yàtọ̀. Àwọn ìpele kan á figbe ta, iṣẹ́ á dúró. Àwọn tó kù ò ní sọ nǹkan kan: wọ́n á kàn fi fọ́ǹtì fóònù fúnra rẹ̀ rọ́pò, ẹ ó sì máa rò pé gbogbo rẹ̀ ti bọ́ sí i. Àwọn adákẹ́ wọ̀nyí ni wàhálà wa. Ẹ jẹ́ ká tọpa fáìlì yẹn láti ibi kan dé ibi kejì.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wo inú fáìlì náà kí ẹ tó kọ kóòdù kankan

Àwòrán lẹ́tà nìkan kọ́ ló wà nínú fọ́ǹtì. Tábìlì ló kún inú rẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ `name` ló kó àwọn orúkọ sí, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń dá wọn mọ̀: 1 ni orúkọ ìdílé, 4 ni orúkọ kíkún, 6 ni orúkọ PostScript, 16 ni orúkọ ìdílé gbogbogbòò. Nínú fáìlì wa yìí, 1 jẹ́ «Noto Sans SemiBold», 6 jẹ́ «NotoSans-SemiBold», 16 sì jẹ́ «Noto Sans». Ohun tó fà á tí ìdílé fi di méjì ni pé àwọn ètò Windows àtijọ́ kò mọ̀ ju ọmọ mẹ́rin lọ nínú ìdílé kan: èyí tó wà ní bó ṣe yẹ, èyí tó ki (bold), èyí tó dagun (italic), àti èyí tó ki tó tún dagun. SemiBold kò sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ni wọ́n bá fún un ní ìdílé tirẹ̀ ní nọ́ńbà 1.

Ẹ fi fontTools (irinṣẹ́ Python fún wíwo inú fọ́ǹtì) wò ó:

```
ttx -t name -t OS/2 NotoSans-SemiBold.ttf
```

Ẹ ó rí fáìlì XML tí ẹ lè kà. Ẹ kọ orúkọ PostScript sílẹ̀, kí ẹ sì kọ `usWeightClass` (nọ́ńbà tó sọ bí lẹ́tà ṣe ki tó, ìyẹn weight) tó wà nínú `OS/2` sílẹ̀ pẹ̀lú. 600 ló yẹ kó wà níbẹ̀ fún SemiBold. Tí ẹ bá bá 400 nínú fáìlì tó pe ara rẹ̀ ní SemiBold (ó máa ń wáyé nínú fọ́ǹtì ọ̀fẹ́ tí wọn ò yẹ̀ wò dáadáa), ẹ wá fáìlì mìíràn, torí ìpele tó bá ń fi weight yan fáìlì á máa yan òdì.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ `cmap` (tábìlì tó sọ lẹ́tà tí fọ́ǹtì ní) wò fún lẹ́tà tiwa. Ẹ wá U+1EB9 fún ẹ, U+1ECD fún ọ, U+1E63 fún ṣ, U+0144 fún ń, U+01F9 fún ǹ, kí ẹ sì wá àwọn àmì tó dá dúró: U+0300, U+0301 àti U+0323. Àwọn àmì wọ̀nyí gan-an ni kókó. Unicode kò ní kóòdù ẹyọ kan fún ẹ́ tàbí ọ̀. Ohun tó wà ni ẹ, kí àmì ohùn tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, fọ́ǹtì lè ní ẹ, kó ní é, kó má sì lè kọ ẹ́ dáadáa. Ó gbọ́dọ̀ ní ìlànà `mark` nínú tábìlì `GPOS` tó sọ ibi tí àmì máa jókòó sí lórí lẹ́tà. Tí kò bá sí, àmì ohùn á lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó gun lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Ẹ má ṣe fi «Hello» dán fọ́ǹtì wò. Ẹ fi «Ọ̀rẹ́ Ẹ̀ṣọ́, ǹjẹ́ ẹ ń bọ̀?» dán an wò.

Ohun kan tó so mọ́ èyí: ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ́ lè gbà dé ọ̀dọ̀ yín láti orí kíbọọ̀dù tàbí láti sáfà. Ó lè jẹ́ e pẹ̀lú U+0323 pẹ̀lú U+0301. Ó lè jẹ́ é pẹ̀lú U+0323. Ó lè jẹ́ ẹ pẹ̀lú U+0301. Unicode ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ọ̀kan náà, àmọ́ fọ́ǹtì tí kò múra tó lè kọ ọ̀kan dáadáa kó sì ba ìkejì jẹ́. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di NFC (ìlànà Unicode tó ń sọ wọ́n di ọ̀nà kan ṣoṣo) kí ó tó wọlé, ìkẹta yẹn ni gbogbo wọn á dà. Nínú Swift, `precomposedStringWithCanonicalMapping` ló ń ṣe é. Nínú Kotlin, `Normalizer.normalize` tó wá láti Java. Nínú JavaScript, `.normalize('NFC')`. Dart kò ní i nínú ara rẹ̀, ẹ máa nílò package.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ ẹni tó ń kọ lẹ́tà sójú fóònù

Kí ẹ tó béèrè pé kí ló dé tí fọ́ǹtì kò fi hàn, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé ta ló kọ lẹ́tà yẹn. Nínú áàpù iOS gidi, Core Text ni. Nínú ti Android, Minikin ló ń to ìlà, HarfBuzz ń ṣètò lẹ́tà, Skia ń yà á. React Native kò ní akọ̀wé tirẹ̀: iOS àti Android ló ń bẹ̀ níṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ìwà rẹ̀ fi máa ń jẹ́ méjì. Flutter gbé akọ̀wé tirẹ̀ dání lọ síbi gbogbo, kì í lo àpótí ọ̀rọ̀ iOS tàbí ti Android rárá. WebView ní tirẹ̀ jẹ́ ẹ̀rọ aṣàwákiri: WebKit lórí iOS, Chromium lórí Android.

Áàpù kan ṣoṣo lè ní mẹ́ta nínú wọn pa pọ̀. Ẹ wo àpótí ìkìlọ̀: `Alert` inú React Native, sísítẹ́ẹ̀mù ló ń yà á, fọ́ǹtì yín kò lè débẹ̀. `AlertDialog` inú Flutter, Flutter fúnra rẹ̀ ló yà á, fọ́ǹtì yín á hàn. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí lè jókòó ti kóòdù fún wákàtí pípẹ́, kó máa wá ohun tí kò sọnù.

Ìgbésẹ̀ 3: iOS

Nǹkan méjì ni iOS ń béèrè. Àkọ́kọ́, kí fáìlì náà wà nínú target áàpù yín, kí orúkọ fáìlì pẹ̀lú `.ttf` rẹ̀ sì wà lábẹ́ `UIAppFonts` nínú `Info.plist` (fáìlì ètò áàpù iOS). Ìkejì, kí ẹ fi orúkọ PostScript pè é:

```
UIFont(name: "NotoSans-SemiBold", size: 16)
```

Ẹ rí i pé orúkọ fáìlì ni ti plist, orúkọ PostScript ni ti kóòdù. Nínú Noto Sans wọ́n jọra, ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ; nínú fọ́ǹtì mìíràn wọ́n lè má jọra. Tí orúkọ bá ṣì, UIKit (irinṣẹ́ tí iOS fi ń ya ojú áàpù) á dá `nil`, ìyẹn òfo, padà, ẹ ó sì mọ̀. SwiftUI, irinṣẹ́ tó tuntun jù ú lọ, kò rí bẹ́ẹ̀. `Font.custom` á kàn lo fọ́ǹtì sísítẹ́ẹ̀mù, kò ní bi yín ní nǹkan kan. Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ tẹ `UIFont.familyNames` jáde, kí ẹ sì tẹ `UIFont.fontNames(forFamilyName:)` jáde fún ìdílé tí ẹ ń wá. Tí kò bá sí níbẹ̀, plist tàbí target ni ọ̀rọ̀ wà, kóòdù kọ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Android

Láti Android 8.0, ìyẹn API 26, ni fódà `res/font` ti wà, àwọn ilé-ìkàwé àtìlẹ́yìn sì gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀dà tó ṣáájú. Lẹ́tà kékeré, nọ́ńbà àti `_` nìkan ni orúkọ fáìlì lè ní níbẹ̀. `NotoSans-SemiBold.ttf` kò lè wọlé, àfi kó di `noto_sans_semibold.ttf`. Ìyà kékeré nìyẹn, èrè rẹ̀ sì pọ̀: ẹ ó fi `R.font.noto_sans_semibold` pè é, tí ẹ bá sì ṣi i kọ, kóòdù kò ní kọjá. Nínú gbogbo ìpele tí a máa sọ, ibí yìí ni mo fọkàn tán jù.

Ọ̀nà àtijọ́ ṣì wà: kí ẹ kó fáìlì sí `assets/fonts`, kí ẹ fi `Typeface.createFromAsset` mú un. Orúkọ fáìlì gẹ́gẹ́ bó ṣe wà ló ń lò, lẹ́tà ńlá àti kékeré kì í ṣe ọ̀kan náà lójú rẹ̀. Ẹ rántí rẹ̀, torí React Native ń gba ibẹ̀ kọjá.

Tí ẹ bá ní weight púpọ̀, ẹ so wọn pọ̀ sínú fáìlì XML ìdílé kan, kí `fontWeight` ọ̀kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Nínú Compose (irinṣẹ́ tuntun tí Android fi ń ya ojú áàpù), iṣẹ́ kan náà ni `FontFamily` ń ṣe. Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà kíki ayédèrú: tí ẹ bá béèrè 700, tí 400 nìkan sì wà, sísítẹ́ẹ̀mù lè fi agbára mú 400 náà ki. Ó máa ń rí bíi lẹ́tà tí omi bà, ihò inú e àti ẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Ní Compose, `FontSynthesis.None` ló ń dá a dúró.

Ìgbésẹ̀ 5: React Native, níbi tí orúkọ ti ń ya

Ìpele yìí ló ń da èèyàn láàmú jù. `fontFamily` kan ṣoṣo ni ẹ ń kọ, akọ̀wé méjì ló sì ń kà á. Lórí iOS, ó lè gba orúkọ ìdílé tàbí orúkọ PostScript. Lórí Android, orúkọ fáìlì tó wà nínú `assets/fonts` ló ń wá, láìsí `.ttf` lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọ `fontFamily: 'Noto Sans', fontWeight: '600'`: iOS á wo inú ìdílé, á yan SemiBold, ojú á dùn ún wò. Android á wá fáìlì tó ń jẹ́ `Noto Sans.ttf`, kò ní rí i, á sì fi Roboto tàbí fọ́ǹtì tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù yàn rọ́pò.

Ó tún ku ibì kan. Tí ẹ bá kọ `fontFamily: 'NotoSans-Regular', fontWeight: 'bold'`, Android á lọ wá `NotoSans-Regular_bold.ttf`. Àfikún tó mọ̀ kò ju `_bold`, `_italic` àti `_bold_italic` lọ. Kò sí àfikún fún 600. Nígbà tí kò bá rí fáìlì náà, ó ń padà sí fọ́ǹtì sísítẹ́ẹ̀mù, lẹ́tà kíki nìkan ló sì máa yàtọ̀ lójú ewé, ìyókù á wà bó ṣe yẹ. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní «Android ń ba àkọlé mi jẹ́».

Ọ̀nà àbáyọ tí mo fara mọ́ kò ní ọgbọ́n kankan nínú, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́:

Ẹ jẹ́ kí orúkọ fáìlì bá orúkọ PostScript mu lẹ́tà fún lẹ́tà. Ẹ ní fáìlì kan fún weight kan. Ẹ kọ `fontFamily: 'NotoSans-SemiBold'`, kí ẹ má sì kọ `fontWeight` rárá. Ẹ wá ṣe component `Text` tiyín tó ń gba «déédéé» tàbí «kíki», tó sì ń tú u sí orúkọ fáìlì, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ má bàa tún fi ọwọ́ kọ orúkọ fọ́ǹtì. Ẹ máa nílò component yẹn lọ́nàkọnà, torí `Text` kì í jogún fọ́ǹtì lọ́wọ́ `View`. Inú `Text` mìíràn nìkan ló ti ń jogún.

Láti kó fáìlì síbi tó yẹ, ẹ tọ́ka sí fódà yín lábẹ́ `assets` nínú `react-native.config.js`, kí ẹ wá ṣe `npx react-native-asset`. Á kó wọn sí ẹ̀gbẹ́ Android, á sì fi wọ́n kún `Info.plist`. Ẹ tún áàpù kọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Títún Metro (irinṣẹ́ tó ń kó kóòdù JavaScript jọ) gbé nìkan kò tó. Ní Expo (ètò tó ń mú kíkọ React Native rọrùn), `useFonts` jẹ́ kí ẹ yan orúkọ tó wù yín, àmọ́ ìgbà tí áàpù bá ti ń ṣiṣẹ́ ló ń gbé fọ́ǹtì wọlé, nítorí náà ẹ má yọ ojú-ewé ìbẹ̀rẹ̀ kúrò kó tó parí. Orúkọ PostScript náà ni kí ẹ yàn níbẹ̀, kí ẹ lè bọ́ lọ́wọ́ àyípadà tí ẹ bá kúrò ní Expo lọ́la.

(Àwọn tó ń lo .NET MAUI, irinṣẹ́ Microsoft tó jọ ìwọ̀nyí: `AddFont` nínú `ConfigureFonts` ń gba orúkọ fáìlì àti orúkọ tí ẹ fún un, orúkọ tí ẹ fún un yẹn sì ni ẹ ó máa lò níbi gbogbo. Kò nira.)

Ìgbésẹ̀ 6: Flutter

```
flutter:
  fonts:
    - family: NotoSans
      fonts:
        - asset: assets/fonts/NotoSans-Regular.ttf
        - asset: assets/fonts/NotoSans-SemiBold.ttf
          weight: 600
```

Flutter kò bìkítà fún orúkọ tó wà nínú fáìlì. Orúkọ tí ẹ bá kọ síwájú `family` ni orúkọ rẹ̀. Tí ojú ọ̀nà fáìlì bá ṣì, kíkọ́ áàpù á dúró. Tí ẹ bá ṣi `family` kọ nínú `TextStyle`, ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ fi orúkọ náà sínú constant kan, ó tán.

`weight: 600` yẹn kì í sọ lẹ́tà di kíki. Àkọlé lásán ni, tí Flutter fi ń mọ fáìlì tó máa mú. Tí ẹ bá lẹ 600 mọ́ fáìlì Regular, Regular náà ni ẹ ó rí. Tí fọ́ǹtì yín bá jẹ́ irú èyí tí weight rẹ̀ ń yí nínú fáìlì kan ṣoṣo, `fontVariations` pẹ̀lú `FontVariation('wght', 600)` ni kí ẹ lò. Fọ́ǹtì tó bá wà nínú package mìíràn gbọ́dọ̀ ní `package:` nínú `TextStyle`. Fún lẹ́tà tí fọ́ǹtì yín kò ní, `fontFamilyFallback` ń jẹ́ kí ẹ yan arọ́pò fúnra yín, kí fóònù kọ̀ọ̀kan má bàa yan tirẹ̀. Ẹ má gbé `.woff2` wá síbí, torí Flutter kò gbà á lórí gbogbo pèpéle, `.ttf` tàbí `.otf` ni kí ẹ lò.

Ìgbésẹ̀ 7: WebView

WebView kò mọ `R.font` tàbí `pubspec.yaml`. `@font-face` ló mọ̀, orúkọ tí ẹ bá sì kọ síbẹ̀ ni orúkọ. Ohun tí èèyàn ń gbàgbé níbẹ̀ ni `font-weight`. Tí ẹ bá gbé SemiBold wọlé láìkọ ọ́, aṣàwákiri á kà á sí 400. Bí ẹ bá wá béèrè 600, á ní òun kò ní i, á sì tún fi agbára mú lẹ́tà tó ti ki tẹ́lẹ̀ ki sí i. Ẹ kọ `font-weight: 600` sínú `@font-face`, kí ẹ sì fi `font-synthesis: none` sí ara ojú ìwé.

Àwọn fáìlì tí wọ́n ti gé sí «latin» nìkan kí wọ́n lè fúyẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ní ẹ àti ọ, torí àkójọ U+1E00 sí U+1EFF ni àwọn wọ̀nyẹn wà. Tí ẹ bá fẹ́ gé e fúnra yín, `pyftsubset` ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹ rí i dájú pé U+0300, U+0301 àti U+0323 wà nínú ohun tí ẹ ní kó fi sílẹ̀. Ẹ ka ìwé àṣẹ fọ́ǹtì náà pẹ̀lú: lábẹ́ SIL Open Font License, tí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì bá kéde pé òun nìkan ló ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀dà tí ẹ bá yí padà kò lè máa jẹ́ orúkọ yẹn mọ́.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìwọ̀n lẹ́tà tí ẹni tó ni fóònù yàn

Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa á ti mú lẹ́tà fóònù rẹ̀ tóbi, iṣẹ́ yín sì ni láti tẹ̀ lé e. Lórí Android, `sp` (òṣùwọ̀n lẹ́tà Android) ń ṣe é. Láti Android 14, ó lè dé 200%, kì í sì í ṣe ìdá kan náà ló fi ń mú gbogbo lẹ́tà tóbi, èyí tó ti tóbi tẹ́lẹ̀ kì í dàgbà tó èyí tó kéré. Nítorí náà, ẹ má fi ìṣirò tiyín ṣe ìsodipúpọ̀. Nínú UIKit, fọ́ǹtì tí ẹ gbé wá kì í dàgbà fúnra rẹ̀, àfi tí ẹ bá gbé e gba `UIFontMetrics` kọjá. `Font.custom` inú SwiftUI ń dàgbà láti iOS 14. React Native ń tẹ̀ lé e láìbéèrè, `maxFontSizeMultiplier` sì ń fi òpin sí i. Ó sàn ju kí ẹ pa `allowFontScaling` lọ. Nínú Flutter, `Text` ń dàgbà, àmọ́ `RichText` kì í dàgbà tí ẹ kò bá fún un ní `textScaler`. Ẹ lo `Text.rich` dípò rẹ̀. Ní ti WebView, ti Android máa ń tẹ̀ lé ìwọ̀n fóònù, ti iOS kì í tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 9: Gíga ìlà, níbi tí àmì ohùn ti ń kú

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ síbí, torí ẹni tó ya àwòrán áàpù kì í sábà ronú nípa lẹ́tà tó ní nǹkan lórí àti nísàlẹ̀. Nínú tábìlì `hhea`, tó sọ àyè tí lẹ́tà ń gbà lókè àti nísàlẹ̀ ìlà, Noto Sans ní 1069 lókè àti 293 nísàlẹ̀, lórí ìwọ̀n 1000. Ìyẹn ni pé lẹ́tà 16 ń fẹ́ ìlà tó tó bí 21.8. Bí àwòrán bá sọ pé gíga ìlà jẹ́ 1.2, 19.2 ni ẹ fún un. «Hello» á wọlé. «Ẹ̀ṣọ́» lè fi orí gbá àjà: lórí iOS nínú React Native, `lineHeight` tó kéré máa ń gé òkè lẹ́tà ìlà àkọ́kọ́, àmì ohùn orí lẹ́tà ńlá ló sì ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1.4 fún ọ̀rọ̀ tó ní àmì.

Ìyàtọ̀ ìpele tún wọ ibí. Android ń fi àyè kún òkè àti ìsàlẹ̀ nípasẹ̀ `includeFontPadding`, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ inú bọ́tìnnì kì í fi wà láàárín gẹ́lẹ́. Compose ti pa á láti ẹ̀dà 1.6, ní React Native ẹ̀yin ni ẹ máa pa á. Flutter ń pín àfikún `height` ní ìdá tí òkè àti ìsàlẹ̀ fọ́ǹtì bá ní, nígbà tí CSS ń pín in sí méjì dọ́gba, `TextLeadingDistribution.even` ń mú Flutter bá CSS mu.

Tí ẹ bá rí i pé àwọn ìlà kan jìnnà síra ju àwọn mìíràn lọ láìnídìí, ẹ wo ìlà tó jìnnà yẹn dáadáa. Ẹ ó sábà bá lẹ́tà kan níbẹ̀ tí fọ́ǹtì yín kò ní, tí arọ́pò tó ga jù ú lọ wá kọ. Ẹ padà sí `cmap`.

Ìgbésẹ̀ 10: Ìdánwò

Ojú kì í rí ìyàtọ̀ láàárín Noto Sans àti Roboto ní kíákíá. Nítorí náà, ẹ fi fọ́ǹtì tó rí bí ìkọ̀wé ọwọ́, bíi Pacifico, sí ipò tiyín fún ọjọ́ kan: ẹ darí gbogbo orúkọ ní gbogbo ìpele sí i, kí ẹ wá rìn káàkiri inú áàpù. Ibi tí lẹ́tà bá ṣì tẹ́ gbọọrọ, fọ́ǹtì yín kò débẹ̀ rí. Ẹ ṣe é lórí fóònù iOS kan àti Android kan ó kéré tán, kí ẹ sì ṣe é lórí ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ gbé jáde, kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ nìkan.

Nínú ìdánwò aláwòrán Flutter, ẹ má bẹ̀rù tí ẹ bá rí àpótí dípò lẹ́tà: ìdánwò kì í gbé fọ́ǹtì yín wọlé, àfi tí ẹ bá fi `FontLoader` gbé e.

Ẹ ó bá àwọn ibì kan tí Pacifico kò dé, tí kò sì sí àtúnṣe fún: àpótí ìkìlọ̀ sísítẹ́ẹ̀mù, ìfitónilétí, kíbọọ̀dù, àti ojú-ewé ìbẹ̀rẹ̀ iOS, tó ń hàn kí áàpù tó jí. Wídígẹ́ẹ̀tì iOS kò sí lára wọn. Òun ní `Info.plist` tirẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni `UIAppFonts` yín gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú fáìlì rẹ̀, lẹ́tà `I` rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ fò: iOS kò ní sọ fún yín tí ẹ bá ṣi í kọ.